Bí Ẹ Ṣe Lè Pawọ́ Pọ̀ Fi Kíróṣé Hun Kúbùsù Alááwòrán

Kúbùsù alááwòrán àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi jọ hun, ẹyẹ ńlá kan ló yẹ kó wà láàárín rẹ̀. Ọjọ́ tí a tẹ́ àwọn abala náà sílẹ̀ láti so wọ́n pọ̀ la rí i pé orí ẹyẹ wà níbì kan, ọrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì sí apá òsì, bí ẹni pé wọ́n fi àdá gé e. Kò sí ẹni tó ṣi gíráàfù, ìyẹn pépà àwòrán onílé kéékèèké, kà nínú wa. Kálukú ka ilé tirẹ̀ pé pérépéré. Ọwọ́ ẹnì kan ló le, tí ọwọ́ ẹnì kejì dẹ̀, a ò sì wọn nǹkan kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìka ò dọ́gba, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a ò múra sílẹ̀ dè é. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ níbí fi jẹ́ ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mú ìkọ́ kíróṣé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní píìnì.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Gíráàfù ni pépà tí wọ́n fà sí ilé kéékèèké. Ilé kan lórí pépà ni ojú kan lórí aṣọ, àwọ̀ tó bá wà nínú ilé náà sì ni àwọ̀ òwú tí ẹ máa lò fún ojú yẹn. Ẹni tó bá mọ single crochet (ojú kúkúrú, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń pè é), tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ òwú, ti lè ṣe é. Ọ̀nà mìíràn wà: àwọn kan máa ń hun ún láti igun dé igun, tí ilé kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ìdìpọ̀ double crochet (ojú tó ga ju single crochet lọ) mẹ́ta pẹ̀lú ṣéènì (ojóbó tí wọ́n fà gba inú ara wọn) mẹ́ta, iṣẹ́ á sì máa gba ìdábùú gòkè. Ìyẹn yá, àmọ́ ilé rẹ̀ tóbi, àwòrán rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, single crochet ni mo fara mọ́.

1. Àwòrán wo?

Ẹ mú àwòrán tó ní ìrísí ńlá, tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Igi, ẹja, ọkọ̀ ojú omi, ẹyẹ, gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ojú èèyàn ṣòro, torí ilé mẹ́ta péré tó bá ṣí kúrò nípò ti tó láti sọ ẹ̀rín di ẹkún. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ilé kan ṣoṣo máa ń dà bí àpá lára aṣọ. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí ilé méjì. Tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ fọ́tò di gíráàfù, ó máa fọ́n ilé kọ̀ọ̀kan tó dá wà káàkiri bí ìgbà tí èèyàn fọ́n iyọ̀. Ẹ fara balẹ̀ pa wọ́n rẹ́. Ìrù òwú méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa fi sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, ẹ̀yin náà lẹ máa fi abẹ́rẹ́ tọ́jú wọn. Mo mọ ẹni tó hun abala tirẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jà pẹ̀lú ìrù òwú.

2. Abala ìdánwò, kí ẹ tó ya gíráàfù

Ọ̀pọ̀ ń ya gíráàfù tán kí wọ́n tó dán òwú wò. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n fi gbẹ̀yìn.

Ẹ mú òwú tí ẹ fẹ́ lò gan-an, bóyá èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 4 sí lára (nọ́ńbà tó ń sọ bí òwú ṣe nípọn tó), àti ìkọ́ mìlímítà 5. Ẹ hun ojú 20 ní ìbú, ìlà 20 ní gíga. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìfà á, kí ẹ gbé rúlà lé àárín rẹ̀, kí ẹ ka iye ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, lẹ́yìn náà kí ẹ ka iye ìlà tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 ní gíga. Ká ní ẹ rí ojú 14 àti ìlà 16. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà, torí òun ni òfin iṣẹ́ yín láti ìsinsìnyí lọ.

Ẹ wo ohun tí nọ́ńbà méjèèjì yẹn ń sọ. Ojú kan fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Tí ẹ bá wá ya òbírí lórí pépà tí ilé rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó dọ́gba, kó fẹ̀ ní ilé 40, kó sì ga ní ilé 40, lórí aṣọ ó máa fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 28 àbọ̀, ó sì máa ga ní 25 péré. Òṣùpá yín á di ẹyin tó dùbúlẹ̀. Ojú 7 ní ìbú ló bá ìlà 8 ní gíga dọ́gba, nítorí náà ilé orí gíráàfù gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Nínú Excel, ẹ lè fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbú píkísẹ́lì 32 àti gíga píkísẹ́lì 28, kí ẹ wá máa kun àwọ̀ sínú wọn. Bí àwòrán bá ti dára lójú yín lórí irú pépà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa rí lórí aṣọ. Ẹ tún fi ọwọ́ ara yín ṣe ìṣirò náà, torí pé nọ́ńbà tiyín lè má jẹ́ 14 àti 16.

3. Pípín in

Ká sọ pé gíráàfù yín jẹ́ ojú 160 ní ìbú àti ìlà 200 ní gíga. Kúbùsù tó máa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 114, tó sì máa ga tó 125 nìyẹn. Ojú 32,000 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kí ẹnì kan ṣoṣo pa irú iṣẹ́ yìí tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gé e sí abala onílé 40 ní ìbú, 40 ní gíga: mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní gíga, ogún abala lápapọ̀. Ojú 1,600 ló kan abala kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ibi tí ẹ gé e sí, ẹ wò ó bóyá ìsopọ̀ kankan gba àárín ojú ẹyẹ tàbí àárín lẹ́tà kọjá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sún gbogbo àwòrán náà díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, ó tán. Ẹ fún abala kọ̀ọ̀kan ní orúkọ: A1, A2, A3, A4 fún ìlà òkè, B1 fún èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé E4. Ẹ fi ọfà sí i láti tọ́ka ibi tó jẹ́ òkè. Abala tó jẹ́ ojú ọ̀run nìkan, tí kò ní ju àwọ̀ kan lọ, ẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Èyí tí àwọ̀ mẹ́fà ti ń jà nínú rẹ̀, ẹ fún ẹni tí sùúrù rẹ̀ dá yín lójú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n hun tí kò ní sùúrù, ojú ọ̀run ni kí ẹ fún un pẹ̀lú.

4. Òwú: ẹnì kan ni kó rà á fún gbogbo yín

Búlúù méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, lè yàtọ̀ síra tí wọn kì í bá ṣe pé inú ìkòkò aró kan náà ni wọ́n ti pa wọ́n láró. Nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà lára lébẹ́ẹ̀lì tó ń sọ èyí, wọ́n ń pè é ní lot. Àwọ̀ kan, lot kan. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, kí ẹ wá wé e ní kékeré kékeré pín fún àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ní òun ní irú búlúù yẹn nílé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbà á.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye tó máa tó? Abala ìdánwò yẹn náà ni ká tún mú. Ojú 400 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ká ní gíráàmù 12 ni, a jẹ́ pé ojú 100 ń gba gíráàmù 3. Tí àwọ̀ ojú ọ̀run bá ní ilé 9,000 lórí gíráàfù, gíráàmù 270 nìyẹn. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e nítorí ìrù òwú àti òwú tí ẹ fi máa so wọ́n pọ̀, ó di 324. Bí bọ́ọ̀lù òwú kan bá jẹ́ gíráàmù 100, ẹ ra mẹ́rin.

5. Ìwé tí kálukú máa gbà

Ẹ má ṣe fi ẹnu sọ ọ́ nìkan. Ẹ fi gíráàfù abala náà, òwú, ìwọ̀n ìkọ́ àti ìwé kékeré kan sínú àpò ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo máa ń kọ sínú ìwé náà nìyí: Ẹ ṣe ṣéènì 41. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣéènì kejì sí ìkọ́, ẹ máa ní ojú 40. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ṣéènì kan, ẹ yí iṣẹ́ padà. A kò ka ṣéènì yẹn mọ́ ojú. Ẹ má fi bọ́dà kankan yí abala náà ká. Ẹ fi ìrù òwú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ níbi gbogbo.

Mo kì í fi ọ̀rọ̀ bọ́dà ṣeré. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́ fi ìlà kan yí i ká kó lè dùn ún wò, àmọ́ ìlà yẹn á di ọgbà láàárín àwòrán nígbà tí ẹ bá so wọ́n pọ̀.

Ohun kan tún wà. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet. Àwọn ará Amẹ́ríkà sì ní double crochet tiwọn, èyí tó ga jù ú lọ dáadáa. Ìwé wa ìgbà kan kọ double crochet ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìṣàlàyé, obìnrin kan nínú wa tó ti ọwọ́ fídíò Amẹ́ríkà kọ́ṣẹ́ sì gbé abala kan wá tó ga bí aṣọ ìnura. Kò jẹ̀bi rárá. Ẹ kọ irú èyí tí ẹ ń lò, kí ẹ sì fi fọ́tò ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tì í.

6. Kíka gíráàfù

Ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà kìn-ín-ní, ẹ kà á láti ọ̀tún sí òsì, torí apá ibẹ̀ náà ni ọwọ́ yín ń lọ. Tí ẹ bá yí iṣẹ́ padà, ẹ̀yìn aṣọ ló kọjú sí yín báyìí, nítorí náà ẹ ka ìlà kejì láti òsì sí ọ̀tún. Ìlà kẹta, ọ̀tún sí òsì. Ẹni tó bá ń ka gbogbo ìlà láti apá kan náà, ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn.

Ọlọ́wọ́ òsì ní tirẹ̀ máa yí i padà: ìlà kìn-ín-ní láti òsì sí ọ̀tún, ìkejì láti ọ̀tún sí òsì. Tó bá tẹ̀ lé ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, àwòrán rẹ̀ á jáde bí èyí tó wà nínú dígí. Ẹ béèrè nínú ẹgbẹ́ yín ta ni ń fi òsì hun, kí ẹ kọ ọ́ sára gíráàfù onítọ̀hún.

Gígbé ojú lọ gbé e bọ̀ láàárín pépà àti ọwọ́ máa ń rẹ èèyàn. Ó dáa kí ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, báyìí: «Ìlà 7, ọ̀tún sí òsì: búlúù 12, funfun 5, búlúù 23.» Ẹ ro wọ́n pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ 40. Tí wọ́n bá jẹ́ 39, ẹ ti rí àṣìṣe náà kó tó dé orí aṣọ. Ẹ fi téèpù tàbí pépà gbóńgbó bo àwọn ìlà tó wà lókè èyí tí ẹ ń hun. Àwọn ìlà òkè ni kí ẹ bò, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀, kí ẹ lè máa fi èyí tí ẹ ti hun wé ti pépà.

7. Pípààrọ̀ àwọ̀

Ká sọ pé pupa 6 ló wà níbẹ̀, funfun ló kàn. Inú pupa kẹfà gan-an ni òwú funfun ti ń wọlé. Ẹ ti ìkọ́ bọ inú ojú, ẹ fa òwú pupa jáde. Ojóbó méjì wà lórí ìkọ́ yín báyìí. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ fi òwú pupa sílẹ̀, ẹ fi ìkọ́ gbá òwú funfun mú, kí ẹ fà á gba inú ojóbó méjèèjì kọjá. Ojú kẹfà jẹ́ pupa, ojóbó tó kù lórí ìkọ́ jẹ́ funfun, ojú keje á sì funfun láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá parí pupa kẹfà tán kó tó mú funfun, orí ojú keje rẹ̀ á pupa bí ẹni tó dé fìlà, ẹ̀gbẹ́ àwòrán kò sì ní mọ́.

Òwú tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Tí àwọ̀ náà bá máa padà láàárín ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ lé orí ìlà tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ hun ojú tuntun bò ó. Tí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó so rọ̀ sẹ́yìn, kí ẹ mú òwú mìíràn fún apá kejì. Dúdú tí ẹ bá hun mọ́ inú funfun máa hàn síta bí ìdọ̀tí, òwú tí ẹ bá ń gbé kiri sì ń mú aṣọ nípọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí gbogbo yín máa ṣe bákan náà. Ní ìlà tí ẹ̀yìn aṣọ bá ti kọjú sí yín, ẹ fa òwú àtijọ́ sọ́dọ̀ ara yín kí ẹ tó mú tuntun, kí gbogbo ìrù lè wà ní ẹ̀yìn.

Ẹ wé òwú sára páálí kékeré tàbí pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ, wọn á so rọ̀ láìtú. Bí ẹ bá yí iṣẹ́ sọ́tùn-ún ní ìparí ìlà kan, ẹ yí i sósì ní ìparí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń yí i sápá kan ṣoṣo, kó tó dé ìlà kẹwàá, òwú á ti lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà.

8. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìlà kẹwàá

Èyí ni ì bá gba ọrùn ẹyẹ wa là. Nígbà tí kálukú bá hun ìlà 10 tán, kó tẹ́ abala náà sílẹ̀, kó gbé téèpù ìwọ̀n sí i, kó ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́. Ó yẹ kí ojú 40 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28 àbọ̀, kí ìlà 10 sì ga tó 6 àti díẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, tó ń rí ojú 15 níbi tí ẹ̀yin ti ń rí 14, ìwọ̀n rẹ̀ máa jẹ́ 26 àti díẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì dín. Kó tú u, kó mú ìkọ́ mìlímítà 5 àbọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá fẹ̀ jù, kó mú 4 àbọ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó máa dẹ ọwọ́ tàbí kó máa fún un mọ́ra. Ó máa rántí fún ìlà méjì, ọwọ́ rẹ̀ á sì padà sí bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ìkọ́ ni kí ẹ pààrọ̀.

Ìyàtọ̀ ìdajì sẹ̀ǹtímítà kì í ṣe wàhálà, omi á tún un ṣe. Kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ dá fún àwọn èèyàn àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ so ó pọ̀. Abala kan á ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ṣáá.

9. Omi, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́

Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tọ́jú ìrù òwú sínú àwọ̀ tirẹ̀, kí ẹ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan kó má bàa yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìwọ̀n abala sórí páálí, kí ẹ fi píìnì aránṣọ tí kì í dógùn-ún (kì í ṣe ìkọ́ kíróṣé) kan abala kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ irun àgùntàn, ẹ rẹ ẹ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù jẹ́jẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ lórí píìnì. Bó bá jẹ́ acrylic (òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe), èéfín omi gbígbóná láti inú áyọ́ọ̀nù ti tó, ṣùgbọ́n kí áyọ́ọ̀nù má ṣe kàn án; acrylic máa ń yọ́, tó bá sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ẹ tẹ́ gbogbo ogún abala sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa wà, kí ẹ gun àga ya fọ́tò wọn láti òkè. Abala tó dojú dé, fọ́tò ló máa ń fi í hàn, ojú lásán lè máà rí i.

Ẹ kọ́kọ́ so àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, A1 mọ́ A2, A2 mọ́ A3, títí tí ẹ máa fi ní ọ̀já gígùn márùn-ún. Ìlà 40 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìlà kan lẹ máa rán mọ́ ìlà kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ so àwọn ọ̀já náà pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ojú kan mọ́ ojú kan. Ẹ rán an ní lílọ́po, tí òwú á máa yí etí méjèèjì ká, kí abẹ́rẹ́ mú òwú tó wà létí gan-an nìkan, torí tí ẹ bá mú ojú odindi, ojú méjì á parẹ́ nínú àwòrán níbi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa pààrọ̀ òwú ìránṣọ bí àwọ̀ bá ṣe ń yí padà: búlúù níbi tó jẹ́ búlúù, pupa níbi tó jẹ́ pupa. Ó ń gba àkókò. Ẹ pe èèyàn méjì, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, kí wọ́n pàdé láàárín.

Ìgbà yìí ni bọ́dà tó kàn, ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kí ó yí gbogbo kúbùsù ká. Lókè àti nísàlẹ̀, ẹ hun ojú kan sínú ojú kan. Ní igun, ẹ hun ojú mẹ́ta sínú ojú kan ṣoṣo kó lè ya. Ní àwọn ẹ̀gbẹ́, ẹ má hun ojú kan sí ìlà kan, torí etí rẹ̀ á máa jó bí etí ewé. Ẹ rántí 7 àti 8 yẹn: ẹ hun ojú 7, ẹ fo ìlà kan, ẹ tún hun 7. Ìlà 200 á fún yín ní ojú 175, ẹ̀gbẹ́ kúbùsù á sì dúró gbọnrangandan.